Àtúnṣe Ilé fún Àgbàlagbà ní Béoumi

Àtúnṣe ilé fún àgbàlagbà ni gbogbo iṣẹ́ bíríkìlà, káfíńtà àti oníná tí a ń ṣe sí ilé tí ènìyàn ti ń gbé tẹ́lẹ̀, kí ilé náà má baà di ewu fún un nígbà tí ara bá ti ń dara àgbà. Kì í ṣe ilé tuntun, kì í sì í ṣe ilé ìtọ́jú arúgbó. Ní Béoumi, ìlú àwọn Baoulé tó wà ní nǹkan bí 60 kìlómítà sí ìwọ̀ oòrùn Bouaké ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ agbo ilé, torí pé àárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni arúgbó ń gbé títí dọjọ́ ikú. Àtúnṣe tó ń gba ẹ̀mí là níbẹ̀ kò wọ́n, kò sì jìnnà: láàárín ibùsùn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìṣubú ni ewu àkọ́kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ìṣubú ń pa nǹkan bí 684,000 ènìyàn lọ́dún káàkiri ayé, àwọn tó ti kọjá ẹni 60 ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọdé a ṣubú, a dìde, a gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù. Àgbàlagbà tí egungun ìbàdí rẹ̀ bá ṣẹ́ lè má fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. Bí kò tilẹ̀ ṣẹ́, ẹ̀rù á máa bà á, á jókòó sójú kan, agbára ẹsẹ̀ á máa dín kù, ìṣubú kejì á sì súnmọ́ tòsí. Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló sì ń fà á. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ìsàlẹ̀ ẹyinjú ẹni 60 ọdún kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń dé ti ẹni 20 ọdún lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru a máa jẹ́ kí òòyì kọ́ ẹni tó bá ṣàdédé dìde. Ìtọ̀ a sì máa jí àgbà lóru.

Ilé tí àwọn àgbà Béoumi àti abúlé àyíká rẹ̀ ń gbé ní ìtàn. Ilé amọ̀ onípáànù wà, tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú sí àgbàlá kan náà, tí ilé ìdáná àti balùwẹ̀ wà lóde, tí ṣáláńgá sì wà ní ìkángun kí òórùn má baà wọlé. Ilé tí ìjọba kọ́ wà pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n dí odò Bandama ní Kossou, tí adágún ńlá bo ilẹ̀ àwọn Baoulé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó lé ní 70,000 ènìyàn tó fi abúlé baba wọn sílẹ̀. AVB, iléeṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1969 fún àfonífojì Bandama, ló kọ́ abúlé tuntun fún wọn: ilé símẹ́ńtì onípáànù tí a tò ní ìlà gbọọrọ. Ìdílé tó lágbára oko ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà tó kó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ti lé ní 70 báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tẹ̀lé àgbà náà láti orí ibùsùn dé ṣáláńgá lóru. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ yóò kọ́ ni ẹní tí etí rẹ̀ ti ká sókè. Ó tún kan ẹnu ọ̀nà tí a mọ símẹ́ńtì dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí àgbàrá má baà wọlé, lẹ́yìn náà àtẹ̀gùn méjì tàbí mẹ́ta tí gíga wọn kò dọ́gba, àti àgbàlá tí àwọn ọmọ ti fi odó, ìkòkò àti okùn ewúrẹ́ sílẹ̀. Ní ìparí ni ilẹ̀ balùwẹ̀ tí ọṣẹ ti mú kó máa yọ̀, àti ihò tí ènìyàn gbọ́dọ̀ lóṣòó lé lórí. Lílóṣòó yìí ni orúnkún àgbà kì í gbà mọ́.

Ojútùú tó rọrùn jù ni kí ìrìn náà kúrú. Póò tó lómọrí, tàbí àga oníhò tí a gbé ike sábẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, yóò gba àgbà lọ́wọ́ ewu òru. Lórí ṣáláńgá fúnra rẹ̀, káfíńtà lè kan àga oníhò tí ibi ìjókòó rẹ̀ ga tó 45 sí 50 sẹ̀ǹtímítà, tí apá rẹ̀ méjèèjì le tó láti fi ọwọ́ tì dìde. Pákó díẹ̀ àti ìṣó ló gbà. Ìwọ̀n gíga kan náà ló yẹ ibùsùn: kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ nígbà tí ó bá jókòó sí etí rẹ̀, kí ó sì jókòó díẹ̀ kí ojú rẹ̀ wálẹ̀ kó tó nàró. Fóòmù tí a tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò yẹ ẹni tí orúnkún ń dùn.

Àtẹ̀gùn ló fẹ́ ìṣirò. Ìwọ̀n tí a mọ̀ káàkiri ayé fún ọ̀nà dàgẹ̀rẹ̀ ni 1 sí 12: sẹ̀ǹtímítà kan sókè, 12 síwájú. Bí ìpìlẹ̀ ilé bá ga ní 45 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn àtẹ̀gùn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15, ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ gùn tó 540 sẹ̀ǹtímítà, ó ju mítà márùn-ún lọ. Bíríkìlà tó bá ṣe é ní mítà méjì kí àyè lè ṣẹ́ kù kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Yóò ga ju ohun tí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ arọ lè gùn, yóò sì léwu fún ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Bí àgbàlá kò bá gba mítà márùn-ún, ó sàn kí a fi àtẹ̀gùn sílẹ̀, kí a sọ gíga wọn di ọgbọọgba, kí a mú wọn fẹ̀, kí a sì fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́. Kí símẹ́ńtì tó gbẹ, a ó fi ìgbálẹ̀ fà á lójú ní ìbú kí ẹsẹ̀ lè rí i tẹ̀. Símẹ́ńtì tí a mú kó dán máa ń yọ̀ nígbà òjò. Ọ̀dà funfun ní etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ kí ojú àgbà rí ibi tó parí sí.

Ti irin ìdìmú ni ìwé àwọn ará Yúróòpù kò ti bá Béoumi mu. Ìwé wọn ní kí a de irin mọ́ ògiri. Ògiri amọ̀ kì í di ìṣó mú: ọjọ́ tí àgbà bá fi gbogbo ara fà á ni yóò tu, tòun tirin á sì jọ lulẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí a gbẹ́ ihò sílẹ̀ níwájú ògiri, kí a ri òpó páìpù onírin méjì sínú kọnkéré, kí a sì jó páìpù kẹta mọ́ wọn ní ìbú, ní gíga 85 sí 95 sẹ̀ǹtímítà. Kí páìpù náà nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4, kí ọwọ́ lè yí i ká. Mo rò pé kí a kọ́kọ́ pe àgbà náà wá dúró síbẹ̀, kí ó na ọwọ́, kí a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà sí, sàn ju ìwọ̀n inú ìwé èyíkéyìí lọ.

Ní àfonífojì Bandama, ojú fífọ́ ní ìtàn tirẹ̀. Eṣinṣin kékeré tó ń yé ẹyin sínú omi tó ń sáré ló ń kó àìsàn tó ń fọ́ni lójú ran àwọn ará etí odò. Ètò ńlá tí àwọn àjọ àgbáyé fi gbógun tì í ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1974, ó sì parí ní 2002. Côte d'Ivoire wà lára orílẹ̀-èdè méje tó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Àìsàn náà lọ sílẹ̀ gidigidi, àmọ́ ojú tó ti bá a lọ kò padà. Fún ẹni tí kò ríran, okùn nínípọn tí a ta láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ṣáláńgá ní gíga ìbàdí wúlò ju gílóòbù lọ. Kànga gbọ́dọ̀ ní ògiri yí ká àti ìdérí. A kò sì gbọdọ̀ gbé àga tàbí ìkòkò kúrò ní àyè rẹ̀ láì sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá náà. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣòwò wa, tí wọ́n ń pè ní Anago, ti ń tajà ní àwọn ìlú Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ wọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tí ọjà bá tà fún a kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílé, yàrá onílé a sì wà lókè. Tó bá wá padà dé ní arúgbó, àtẹ̀gùn ilé tó fi òógùn ojú kọ́ á dá a dúró. Kí a sọ yàrá ìsàlẹ̀ kan di tirẹ̀, kí a sì kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ọn, ló tọ́. Èyí máa ń dun bàbá, torí iyì wà nínú òkè. Kí àwọn ọmọ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, kí wọ́n kó àga ńlá àti fọ́tò wọn wá sísàlẹ̀, kí àlejò máa kí wọn níbẹ̀.

Ẹ̀rí wà pé iṣẹ́ yìí ń so èso. Àyẹ̀wò tí àjọ Cochrane gbé jáde ní 2023 fi hàn pé mímú ohun tó lè gbé àgbà ṣubú kúrò nílé ń dín ìṣubú kù ní ìdá 26 nínú 100, ó sì tó 38 láàárín àwọn tó ti ń ṣubú tẹ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ní Japan, ètò ìtọ́jú àgbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000 ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó àtúnṣe ilé tí kò bá ju 200,000 yen lọ. Ní Béoumi, ọmọ ló ń sanwó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń gbé Abidjan tàbí Bouaké. Àsìkò tí wọ́n ń wálé jù ni ọdún Àjíǹde, tí àwọn Baoulé ń pè ní Paquinou, tí gbogbo ẹbí fi ń pàdé, tí wọ́n sì ń jíròrò ohun tí abúlé nílò. Ìgbà yẹn ló dára jù láti ra símẹ́ńtì àti páìpù, kí àwọn ọmọ tó padà síbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ìtọ́jú kù. Òjò máa ń gbẹ́ abẹ́ ọ̀nà dàgẹ̀rẹ̀, ikán sì máa ń jẹ òpó onígi láti inú ilẹ̀, tí òkè rẹ̀ yóò ṣì máa dán. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ọmọkùnrin kan tó lágbára di gbogbo ìdìmú mú, kí ó fà á gidi. Èyí tó bá mì, kí wọ́n má jẹ́ kí àgbà fọwọ́ kàn án títí bíríkìlà yóò fi tún un ri.