Àwọn Amọ̀nà Igbó Ìnàkí: Bí Wíwo Ẹranko Ṣe Di Òwò ní Virunga àti Bwindi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ibi tí òwe yìí ti ṣẹ gẹ́lẹ́ ni igbó kìjikìji tó wà ní ẹnubodè Ùgáńdà, Rùwáńdà àti Kóńgò, níbi tí àwọn òkè oníná mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Virunga tò sí. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá síbẹ̀, kí wọ́n lè fi wákàtí kan péré wo ìnàkí orí òkè, ẹranko tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní gorilla. Àlejò tó bá dá wọ igbó náà lè rìn títí kó má rí ju ewé àti èsìsì lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń kọ ìtàn òwò yìí, àwọn àlejò ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ lé lórí: ọ̀mọ̀wé tó wá ṣèwádìí, ọba tó fọwọ́ sí òfin, obìnrin tí wọ́n ṣe fíìmù nípa rẹ̀. Ẹni tó mú wọn dé ọ̀dọ̀ ẹranko kì í sábà ní orúkọ nínú ìwé.

Iṣẹ́ amọ̀nà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ṣíṣe rẹ̀ ló ṣòro. Ìnàkí kì í sábà padà sun orí ibùsùn àná. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á fa ẹ̀ka àti ewé jọ, á sì tẹ́ ìtẹ́ tuntun. Ọmọ kékeré nìkan ló ń bá ìyá rẹ̀ sùn. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, àwọn atọpasẹ̀ á padà síbi tí wọ́n fi agbo náà sílẹ̀ sí lánàá, wọ́n á wá ìtẹ́ òru, wọ́n á sì máa tọ ipa láti ibẹ̀. Ewé tó tẹ̀, igi tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ jẹ, ìgbẹ́ tó ṣì ń gbóná, ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Títóbi ìgbẹ́ inú ìtẹ́ a máa sọ bóyá akọ àgbà ló sùn níbẹ̀ tàbí abo tó ní ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń ka iye ìnàkí kí wọ́n tó fi àyẹ̀wò DNA kún un. Bí wọ́n bá ti sún mọ́ agbo náà, amọ̀nà á fi ọ̀fun ṣe ìró kan, ìró wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń tún ọ̀fun ṣe, èyí tí àwọn ìnàkí fi ń sọ fún ara wọn pé àlàáfíà ni. Ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí, nítorí ìmọ̀ ọdẹ ni. Ọdẹ ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe amọ̀nà níbẹ̀.

Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ dé kò wá wo ẹranko. Ìbọn ni wọ́n gbé wá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1902, ọ̀gá ológun Jámánì kan, Robert von Beringe, yìnbọn pa ìnàkí méjì lórí òkè Sabyinyo. Ní ọdún 1903, Paul Matschie fi orúkọ ẹni tó pa ẹranko náà sọ ẹ̀yà rẹ̀, ó pè é ní Gorilla beringei, bí ẹni pé àwọn ará Rùwáńdà kò ti ń pè é ní ingagi kó tó dé. Ní ọdún 1921, Wilhelm, ọmọ ọba Sùwídìn, àti àwọn èèyàn rẹ̀ pa 14. Lọ́dún kan náà ni Carl Akeley ti Amẹ́ríkà wá pa tirẹ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Ọkàn Akeley yí padà lẹ́yìn ìyẹn. Ó rọ Ọba Albert ti Bẹ́ljíọ̀m títí ọba fi dá Ọgbà Albert sílẹ̀ ní 1925, ọgbà ìjọba àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Akeley padà wá ní 1926, ó kú lórí òkè Mikeno, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.

Ṣùgbọ́n ibi kékeré kan ni òwò amọ̀nà gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1955, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Walter Baumgärtel gba ilé ìtura kan ní Kisoro, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ùgáńdà. Travellers Rest ni orúkọ ilé náà. Ìlú jíjìnnà ni Kisoro nígbà yẹn, àlejò kò sì pọ̀. Baumgärtel ronú pé bí ènìyàn bá lè rí ìnàkí lórí àwọn òkè tó yọrí lókèèrè yẹn, àlejò yóò wá. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ igbó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni Reuben Rwanzagire, òun ló sì ń kó àwọn àlejò gun àárín òkè Muhavura àti Gahinga. Nígbà tí obìnrin méjì, Rosalie Osborn àti Jill Donisthorpe, wá fi oṣù mélòó kan ṣọ́ àwọn ìnàkí ní 1956 àti 1957, ipa tí Rwanzagire mọ̀ ni wọ́n tọ̀. Lẹ́yìn wọn ni George Schaller dé ní 1959, ẹni tí ìwé rẹ̀ ti ọdún 1963 jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ẹranko tí wọ́n ń pè ní òǹrorò yìí, ajewé oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń ka Schaller ní yunifásítì. Ta ló ń dárúkọ Rwanzagire?

Òwò náà kò tíì dúró dáadáa nígbà náà. Ẹ̀rù ènìyàn ṣì ń ba àwọn ìnàkí, nítorí náà ọ̀pọ̀ àlejò gun òkè, wọ́n rí ìtẹ́ àti ìgbẹ́, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Baumgärtel kúrò ní Ùgáńdà ní 1969. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ni Dian Fossey ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀ ní Kabara, ní apá Kóńgò, níbi tí atọpasẹ̀ kan tó ń jẹ́ Sanwekwe ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ ipa. Ogun lé e kúrò níbẹ̀, ó sì dá ibùdó Karisoke sílẹ̀ ní apá Rùwáńdà ní oṣù Kẹsàn-án 1967. Fossey kò fẹ́ràn kí àlejò máa wá wo ìnàkí rárá. Lójú tirẹ̀, kí wọ́n gba tàkúté kúrò, kí wọ́n lé àwọn ọdẹ jáde, ìyẹn ló kù.

Nígbà yẹn, igbó fúnra rẹ̀ ń tán lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ìjọba Rùwáńdà gé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá hẹ́kítà kúrò nínú ọgbà náà kí àwọn àgbẹ̀ lè gbin òdòdó pyrethrum tí wọ́n fi ń ṣe oògùn kòkòrò. Nígbà tí tọkọtaya ọmọ Amẹ́ríkà kan, Bill Weber àti Amy Vedder, dé ibẹ̀ ní 1978, ètò tún ti wà nílẹ̀ láti gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta èyí tó ṣẹ́kù fún màlúù. Ìbéèrè wọn rọrùn: èwo ni yóò mú owó wọlé jù fún Rùwáńdà, màlúù tàbí ìnàkí? Láti 1979 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí agbo mélòó kan mọ́ ojú ènìyàn, wọ́n sì ń mú àlejò díẹ̀díẹ̀ lọ wò wọ́n, wákàtí kan lóòjọ́, kí wọ́n san owó. Mímú kí agbo kan mọ́ ènìyàn lójú a máa gba ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn atọpasẹ̀ sì ni wọ́n ń lọ jókòó ti àwọn ẹranko náà lójoojúmọ́, nínú òjò àti òtútù, títí akọ àgbà fi ṣíwọ́ sísáré kọlù wọ́n. Owó wọlé, ètò màlúù kú. Ẹni tó bá sọ pé òwò yìí ló gba igbó náà là kò parọ́.

Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ bí a bá dé Bwindi, ní apá Ùgáńdà. Láti 1932 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sọ Bwindi di igbó ọba, irú èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Òmò àti Ṣáṣá ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Batwa sì wà nínú igbó náà, ènìyàn kúkurú tí ọdẹ, oyin fífà àti iṣu igbó jẹ́ ìgbé ayé wọn láti ìrandíran. Igbó ọba kò lé wọn. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ní 1991 ni ìjọba Ùgáńdà sọ Bwindi àti Mgahinga di ọgbà ìjọba, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé inú rẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹrin 1993, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Bwindi láti wo agbo ìnàkí kan tí wọ́n ń pè ní Mubare.

Àwọn tó pàdánù ilẹ̀ gba owó ìtanràn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣírò owó náà yẹ kí olùkọ́ ìtàn kọ sójú pátákó. Oko ni wọ́n wò. Àgbẹ̀ tó ti gé igi igbó lulẹ̀, tó gbin ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún síbẹ̀, ní ohun tí ó lè nawọ́ sí pé tèmi nìyí, ó sì gba owó. Ọmọ Batwa tí kò gé igi kan, tí igbó ṣì dúró ṣinṣin lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, kò ní ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n di alágbàro lórí oko àwọn ẹlòmíràn létí igbó. Òfin Ùgáńdà ti ọdún 1996 ní kí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ìwọlé ọgbà máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ìlú tó yí i ká, ó sì ti kọ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìlú ló ń pín in, àwọn Batwa kò sì pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ní oṣù Kẹjọ 2021, Ilé Ẹjọ́ tó ń rí sí Ìwé Òfin ní Ùgáńdà dá àwọn Batwa láre pé ìyà jẹ wọ́n nígbà tí wọ́n lé wọn jáde, àti pé àtúnṣe tọ́ sí wọn. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá nígbà náà.

Ewu òwò yìí kò mọ sí ibì kan. Ogun àti ìpakúpa ọdún 1994 ti ọ̀nà igbó Rùwáńdà pa títí di 1999. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹ́ta 1999, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ti Kóńgò wá ya wọ Buhoma ní Bwindi, wọ́n pa àlejò mẹ́jọ àti òṣìṣẹ́ ọgbà ọmọ Ùgáńdà kan. Àrùn náà wà ńbẹ̀: ọ̀fìnkìn lásán tí àlejò gbé wá lè pa ìnàkí, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ kí ẹni tó ń húkọ́ wọlé, tí àlejò kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́jọ lọ fún agbo kan lóòjọ́. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ibodè pa ní 2020, owó dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni ọdẹ kan fi ọ̀kọ̀ pa akọ àgbà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rafiki ní Bwindi.

Síbẹ̀, iye ìnàkí ń lọ sókè. Nǹkan bí 250 ni wọ́n kà ní Virunga ní 1981. Ìkaye tí wọ́n ṣe ní Virunga ní 2015 sí 2016 rí 604, èyí tí wọ́n ṣe ní Bwindi ní 2018 sì rí 459. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,063, kò sì sí mọ̀lẹ́bí wọn mìíràn nínú àwọn ìnàkí tí ń pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Owó náà ń lọ sókè: láti 2017 ni Rùwáńdà ti ń gba 1,500 dọ́là lọ́wọ́ àlejò òkèèrè kan fún wákàtí kan, Ùgáńdà sì sọ tirẹ̀ di 800 ní 2024.

Ní Mgahinga, ọ̀nà mìíràn tún wà fún àlejò láti 2011, èyí tí wọ́n sọ ní Ipa Ọ̀nà Batwa. Níbẹ̀, àwọn Batwa fúnra wọn ni amọ̀nà. Wọ́n ń fi bí wọ́n ṣe ń dá iná àti bí wọ́n ṣe ń fa oyin han àlejò, wọ́n ń sọ ewé tó ń wo inú rírun, wọ́n sì ń mú wọn wọ inú ihò Garama, níbi tí ọba wọn ń gbé nígbà kan. Orin ni wọ́n fi ń parí rẹ̀ nínú òkùnkùn ihò náà. Lẹ́yìn ìyẹn, àlejò àti amọ̀nà á jọ jáde, nítorí òfin ọgbà kò gba Batwa láàyè láti sun inú igbó náà mọ́jú.