Ooru Inú Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Rẹ̀ Láti Ayé ENIAC Dé Ayé Kọ̀ǹpútà Alágbèéká

Ìfáárà

Lára ohun tí ó ń kó ìdààmú bá àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká nílẹ̀ Yorùbá ni pé ẹ̀rọ náà a máa gbóná. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ a gbóná débi pé kò ní ṣeé gbé lé itan mọ́, fáànù inú rẹ̀ a máa pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, iṣẹ́ a máa falẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀rọ náà a sì kú pii láìdágbére, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹni tó ni ín kò tíì fi pamọ́. Àlàyé méjì ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Èkíní ni pé fáírọ́ọ̀sì ló wọ inú rẹ̀. Èkejì ni pé tòkunbọ̀ ni, ohun tí òyìnbó ti lò gbó kò sì lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Àpilẹ̀kọ yìí kò sọ pé irọ́ pátápátá ni àlàyé méjèèjì, ṣùgbọ́n ìtàn ni ó gbójú lé láti la ọ̀rọ̀ náà yéni. Ooru ti wà nínú kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ibi tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lé e gbà jáde nìkan ló ń yí padà. Ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ ooru yìí yóò rí i pé iyàrá tí ó tutù ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń pinnu ohun tí kọ̀ǹpútà alágbèéká lè fara dà.

Ohun kan gbọ́dọ̀ yéni kí ìtàn náà tó bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò ń fi apá kan nínú agbára epo rẹ̀ gbé ènìyàn rìn. Ẹ̀rọ ìlọta ń fi tirẹ̀ fọ́ àgbàdo àti ata. Kọ̀ǹpútà kò gbé ẹrù, kò sì fọ́ nǹkan kan. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí ó ń bá ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ jáde, gbogbo agbára iná tí ó bá fà ni ó ń di ooru, ooru náà sì gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde.

Ilé gílóòbù ní Philadelphia

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1946 ni wọ́n fi ENIAC han gbogbo ayé ní Yunifásítì Pennsylvania, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. John Mauchly àti J. Presper Eckert ni wọ́n ṣe aṣáájú iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ yìí wúwo tó nǹkan bí 30 tọ́ọ̀nù, ó sì ń jẹ iná tó nǹkan bí 150 kilowáàtì. Nǹkan bí 18,000 gílóòbù onígíláàsì tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde ló ń bá a ṣe ìṣirò. Kí irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́, okùn inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná, nítorí náà ooru kì í ṣe àléébù lára ENIAC. Òun gan-an ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn fáànù ńláńlá ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ.

Àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ṣàkíyèsí ohun kan tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ náà tí ó ń gbóná bọ̀, tàbí ìgbà tí wọ́n bá pa á tí ó ń tutù lọ, ni gílóòbù ń jó jù. Nítorí náà ni wọ́n kì í fẹ́ pa á. Kì í ṣe ooru nìkan ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́: gbígbóná àti títutù léraléra, tí ń mú kí nǹkan wú kí ó tún sún kì, máa ń ya ohun tí wọ́n jó pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yóò tún jẹyọ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún.

Ìgbà tí àwọn onímọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ooru ti tán

Ní oṣù Ọ̀pẹ 1947, ní ilé ìwádìí Bell ní New Jersey, John Bardeen àti Walter Brattain ṣe transistor àkọ́kọ́. William Shockley ni olórí ikọ̀ wọn. Transistor ń ṣe iṣẹ́ gílóòbù láìjẹ́ pé a dáná sí i nínú. Nígbà tí ó di ọdún 1958 sí 1959, Jack Kilby àti Robert Noyce fi hàn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé wọ́n lè kó ọ̀pọ̀ transistor jọ sórí ègé kékeré kan ṣoṣo. Gordon Moore, nínú àròkọ rẹ̀ olókìkí ti ọdún 1965, béèrè bóyá ooru kò ní dí irú ìkójọpọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ó sì dáhùn pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1974, Robert Dennard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM ṣàlàyé ìdí rẹ̀: bí transistor bá ń kéré sí i tí ipá iná tí wọ́n ń fún un náà sì ń dínkù, ooru tí ojú ibi kan náà ń mú jáde kò ní pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìlànà yìí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ara ti fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún.

Ní ti àwọn kọ̀ǹpútà ńlá, ooru wọn kò fìgbà kan tán. Seymour Cray fi irú gáàsì tí wọ́n ń lò nínú fíríìjì tu Cray-1 ti ọdún 1976 lára. Nígbà tí ó di Cray-2 ní ọdún 1985, ńṣe ni wọ́n ri inú ẹ̀rọ náà sínú omi àkànṣe kan tí kì í gbé iná, bí ẹja nínú agbada. Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ ètò ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963 ni àwọn òpìtàn máa ń so mọ́ wíwọlé kọ̀ǹpútà sí orílẹ̀-èdè yìí. Láti ìgbà náà títí di bí ọdún 1990, inú iyàrá tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni kọ̀ǹpútà ń gbé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ yóò rántí pé ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ní láti bọ́ bàtà sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ iyàrá náà, bí ẹni tí ń wọ mọ́ṣáláṣí. Àwọn kan rò pé ìgbéraga àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni, ṣùgbọ́n eruku ni wọ́n ń sá fún. Iyàrá náà ni ó ń ru ẹrù ooru fún ẹ̀rọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ bọ́ sórí itan

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ó jáde kúrò nínú iyàrá yẹn. Osborne 1 ti ọdún 1981 ṣeé gbé, ṣùgbọ́n ó wúwo tó 11 kìlógíráàmù, kò sì sí bátìrì nínú rẹ̀. Ní ọdún 1982 ni GRiD Compass jáde, èyí tí Bill Moggridge ya àwòrán rẹ̀, tí ó ṣeé pa dé bí ìwé. Irin magnesium ni wọ́n fi ṣe àpò ara rẹ̀, irin náà a sì máa gba ooru inú síta. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti ń yára sí i, pàápàá lẹ́yìn tí Pentium dé ní ọdún 1993, ara ẹ̀rọ nìkan kò lè ru ooru náà mọ́.

Ohun tí ó gba àwọn oníṣẹ́ sílẹ̀ ni ọ̀pá bàbà kan tí inú rẹ̀ ṣófo. George Grover ló ṣe irú rẹ̀ jáde ní Los Alamos ní ọdún 1963, kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ní lọ́kàn. Omi díẹ̀ ni ó wà nínú ọ̀pá náà, wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí omi náà lè tètè hó. Ní ìdí ọ̀pá tí ó kan ọpọlọ kọ̀ǹpútà, omi ń di oru. Oru náà a sáré lọ sí ìkángun kejì níbi tí fáànù wà, a tutù, a sì tún di omi tí ń padà wá, gẹ́gẹ́ bí oru ọbẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ ọmọrí ìkòkò tí ó sì ń kán sílẹ̀. Láàárín ọ̀pá yìí àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà, wọ́n a fi ohun kan bí ìpara sí i kí afẹ́fẹ́ má bàa ráàyè sí àárín wọn. Ní ìkángun kejì, àwọn ewé irin fẹ́ẹ́lẹ́fẹ́ẹ́lẹ́ wà tí fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn. Ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká títí di òní, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láti ọdún 2001 sí 2008

Ní oṣù Èrèlé 2001, Pat Gelsinger ti ilé-iṣẹ́ Intel sọ fún àpéjọ àwọn onímọ̀ ní San Francisco pé bí nǹkan bá ń lọ bí ó ti ń lọ, ooru ojú ọpọlọ kọ̀ǹpútà yóò tó ti inú ilé iná átọ́míìkì kí ọdún mẹ́wàá tó pé, yóò sì tó ti ojú oòrùn nígbà tí ó bá di ọdún 2015. Ìlànà Dennard ti ń kùnà. Transistor ti kéré débi pé iná ń jò nínú wọn bí omi nínú korobá tó lu, kódà nígbà tí wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan, wọn kò sì lè dín ipá iná kù mọ́. Ní ọdún 2004, Intel pa iṣẹ́ Tejas tì, ìyẹn ẹ̀rọ tí ìbá tẹ̀lé Pentium 4. Ohun tó ṣeni ní kàyéfì ni pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà alágbèéká ló wá di àwòkọ́ṣe fún ti orí tábìlì: láti inú Pentium M ti ọdún 2003, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Intel ní Haifa ní Ísírẹ́lì ṣe, ni wọ́n ti fa ìran àwọn ẹ̀rọ tí ó ní ọpọlọ méjì yọ láti ọdún 2006.

Àsìkò Pentium 4 náà ni àṣà kan gbilẹ̀ tí ó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà di òní olónìí. Wọ́n kọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà láti máa ṣọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gbóná jù, yóò dín eré kù fúnra rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, nígbà tí ooru rẹ̀ bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí kí ó lé díẹ̀, ẹ̀rọ yóò pa ara rẹ̀. Ìfalẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ni èyí nígbà púpọ̀. Ẹ̀rọ náà ń gba ara rẹ̀ là ni.

Bátìrì kò ní irú ọgbọ́n yìí tó. Ní oṣù Ògún 2006, Dell gba bátìrì tó tó mílíọ̀nù 4.1 tí Sony ṣe padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, nítorí pé àwọn kan nínú wọn lè gbiná. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní ọdún 2008, Nvidia kéde pé òun ya 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí àwọn ohun èlò àwòrán inú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ìjópọ̀ wọn kò dára. Gbígbóná àti títutù léraléra ló ń já wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jó gílóòbù ENIAC.

Ọyẹ́, páànù àti tòkunbọ̀

Àwọn ilé-iṣẹ́ a máa kọ ìwọ̀n ooru ibi tí wọ́n fẹ́ kí a ti lo ẹ̀rọ wọn sínú ìwé ìlànà, 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ọ̀pọ̀ sì fi òpin sí. Ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, ooru ọ̀sán ní Ìbàdàn máa ń tó 34 tàbí 35 lábẹ́ ibòòji. Inú kíláàsì tí wọ́n fi páànù bò láìsí àjà a máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun gbígbóná àti afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká ló ń ti ooru jáde. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà kò bá gbọdọ̀ kọjá 100, ní iyàrá tí ó wà ní 22, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 78. Ní iyàrá tí ó wà ní 37, ó di 63. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára ìtura ẹ̀rọ náà ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì kankan, ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ni ín kọ́ sì ni.

Ọyẹ́ tún ń bù kún un. Eruku tí ó ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà kúnná débi pé ó ń wọ ibi gbogbo. Yóò pàdé òwú aṣọ àti irun láàárín àwọn ewé irin wọ̀nyẹn, yóò sì di bí ìtẹ́ ẹyẹ níbẹ̀. Fáànù yóò máa yí, atẹ́gùn kò ní jáde. Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ náà wọlé níbí. Ìròyìn tí Basel Action Network gbé jáde ní ọdún 2005 fi hàn bí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà ti ń ya wọ èbúté Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nínú wọn yóò ti kó eruku ìlú òyìnbó wá, ìpara inú rẹ̀ yóò sì ti gbẹ. Nítorí náà, òótọ́ ni pé tòkunbọ̀ ń gbóná ju tuntun lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ìgbóná náà ni ó ṣeé mú kúrò.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde ti mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ti ń fa atẹ́gùn tútù, nítorí náà orí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí tàbí aṣọ kì í ṣe ibi tí ó yẹ ẹ́. Tábìlì pẹrẹsẹ ni, bí wọ́n bá sì fi ìdérí ìgò méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, atẹ́gùn yóò ráàyè sí i. Kò yẹ kí wọ́n tì í bọ àpò nígbà tí kò tíì kú tán. Lẹ́yìn ọyẹ́ lọ́dọọdún, ó dára kí wọ́n fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde: kí wọ́n pa á, kí wọ́n yọ bátìrì rẹ̀ bí ó bá ṣeé yọ, kí wọ́n fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ di fáànù mú kí ó má bàa yí ní ìyíkúyìí. Pípààrọ̀ ìpara tí ó ti gbẹ jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kò sì wọ́n. Bátìrì tí ó bá wú kò gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ fún ọjọ́ kan sí i. Àwọn kan a máa gbé kọ̀ǹpútà sínú fíríìjì. Ìyẹn burú ju ooru lọ, nítorí bí wọ́n bá gbé e jáde, inú rẹ̀ yóò làágùn bí ọ̀rá omi tútù.

A rí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n dìídì ṣe fún ilẹ̀ olóoru. XO ni, ti ètò One Laptop per Child tí Nicholas Negroponte dá sílẹ̀, tí wọ́n dán wò ní ọdún 2007 ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Galadima ní Àbújá. Kò ní fáànù, kò ní ihò tí eruku lè gbà wọlé, ẹ̀yìn ojú rẹ̀ tí ó dúró nàró sì ni wọ́n kó ọpọlọ rẹ̀ sí dípò abẹ́ bọ́tìnnì. Ìjọba Nàìjíríà kò ra á ní iye tí wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ, ọgbọ́n inú rẹ̀ kò sì tàn dé ọjà. Ní oṣù Bélú 2020, Apple gbé MacBook Air tí kò ní fáànù jáde, nítorí pé ọpọlọ M1 inú rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀. Ìwọ̀n ooru àyíká tí ilé-iṣẹ́ náà kọ sí ìwé ìlànà rẹ̀ ni 10 sí 35.