Rékọ́ọ̀dù ọdún 1993 ní Ṣáínà: Ṣé ẹsẹ̀ ló sáré ni, àbí oògùn?

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo eré sísá lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé e tí ẹnìkan bá sá eré kan tí ẹnikẹ́ni ò sá rí. Kí onítọ̀hún tó fi àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ wé ọrùn tán, ẹnìkan á ti béèrè pé: ṣé kò lo nǹkan báyìí? Ibi tí ìbéèrè yìí ti le jù lọ ni eré àwọn obìnrin kan ní Beijing, olú-ìlú Ṣáínà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò rí ẹjọ́ náà dá. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ rèé.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Beijing?

Ìdíje eré ìdárayá gbogbo Ṣáínà ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà péré, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí:

Ọjọ́ 8: Wang Junxia, ọmọ ogún ọdún, sá mítà 10,000 ní ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú àáyá 31.78. Kò sí obìnrin kankan láyé tó tíì sá a wọ abẹ́ ìṣẹ́jú 30 rí. Ingrid Kristiansen ọmọ Norway ló ni rékọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀, 30:13.74. Wang gé nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 42 kúrò nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́ 11: Qu Yunxia sá mítà 1,500 ní 3:50.46. Rékọ́ọ̀dù àtẹ̀yìnwá, 3:52.47, ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1980. Wang tó ṣe ipò kejì (3:51.92) gan-an sáré ju rékọ́ọ̀dù yẹn lọ.

Ọjọ́ 12: Wang sá mítà 3,000 ní 8:12.19. Ìpele àkọ́kọ́ lásán nìyẹn o, níbi tí àwọn eléré máa ń tọ́jú agbára wọn pamọ́. 8:22.62 ni rékọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ 13: Ó di àṣekágbá. Wang tún sá mítà 3,000 ní 8:06.11.

Ẹni tó bá mọ eré ìje á mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń gba rékọ́ọ̀dù kọ́ nìyí. Díẹ̀díẹ̀ ni ó máa ń lọ sílẹ̀, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá níbí, ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́hùn-ún. Rékọ́ọ̀dù mítà 1,500 yẹn, ọdún 2015 ni Genzebe Dibaba ọmọ Ethiopia tó gbà á (3:50.07). Ti mítà 10,000, ọdún 2016 ni Almaz Ayana, ọmọ Ethiopia náà, gbà á ní Òlíńpíìkì Rio (29:17.45). Ti mítà 3,000 ṣì wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ta ni kóòṣì wọn?

Ma Junren lorúkọ rẹ̀, láti ìpínlẹ̀ Liaoning. Àwọn oníròyìn sọ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ní "ọmọ ogun Ma." Ní ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Stuttgart, Jámánì, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993 kan náà, àwọn mẹ́ta nínú wọn gba góòlù, fàdákà àti idẹ ní mítà 3,000. Sonia O'Sullivan ọmọ Ireland ló ṣe ipò kẹrin. Wọ́n tún gba góòlù ní mítà 1,500 àti 10,000.

Nígbà tí aráyé bi Ma pé kí ni àṣírí rẹ̀, ó ní iṣẹ́ àṣekára ni: sísáré lórí òkè níbi tí atẹ́gùn ti fẹ́lẹ́, àti ìrìn tó tó ti máratọ́ọ̀nù lójoojúmọ́. Ó tún ní àgbo: ẹ̀jẹ̀ alábahun, àti olú kan tó máa ń hù lára kòkòrò. Àwa náà mọ àgbo, a ò ní fi ti onítibí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àgbo tí mo mọ̀, kò sí èyí tó ń gé ìṣẹ́jú àáyá 42 kúrò nínú rékọ́ọ̀dù àgbáyé.

Kí ni oògùn tí wọ́n ń fura sí?

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé pé kò sí àyẹ̀wò kankan tó gbá Wang tàbí Qu mú nígbà náà. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé, kí ni àyẹ̀wò ìgbà náà lè rí?

Èyí tí wọ́n ń pè ní EPO ni kókó ọ̀rọ̀. Kíndìnrín wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún ara pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa sí i. Ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń gbé ọ́síjìn lọ sí iṣan ẹsẹ̀. Bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni eléré á ṣe pẹ́ tó kó tó rẹ̀ ẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ṣe irú rẹ̀ jáde fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Kò pẹ́ tó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn eléré ìdárayá. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ á ki jù. Ó lè dì nínú iṣan, kó fa rọpárọsẹ̀ tàbí kí ọkàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Òlíńpíìkì Sydney ọdún 2000 ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo àyẹ̀wò tó lè rí EPO. Ìyẹn ni pé ní 1993, ẹni tó bá lò ó lè tọ̀ sínú ìgò wọn kó sì máa rẹ́rìn-ín lọ. Àjọ WADA tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá lágbàáyé gan-an, oṣù Kọkànlá ọdún 1999 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá ní "wọn ò rí nǹkan lára wọn" kò parọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò wẹ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọdún 2000 àti lẹ́tà ọdún 2016

Nígbà tí àyẹ̀wò Sydney ń bọ̀, Ṣáínà fúnra rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn eléré rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbéra. Nínú eléré méje tó jẹ́ ti Ma, mẹ́fà ni wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò. Wọ́n yọ Ma náà.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà kan jáde. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, iléeṣẹ́ ìròyìn Tencent ní Ṣáínà gbé lẹ́tà kan síta. Wọ́n ní Wang Junxia àti àwọn mẹ́sàn-án mìíràn ló fọwọ́ sí i ní ọdún 1995, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀ròyìn kan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ipá mú àwọn lo oògùn tí òfin kà léèwọ̀, àti pé púpọ̀ ni wọ́n ń fún àwọn. Akọ̀ròyìn náà kọ ìwé nípa Ma ní ọdún 1998, ṣùgbọ́n wọ́n yọ apá tó sọ̀rọ̀ oògùn kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó lé ní ogún ọdún kí lẹ́tà tó jáde, síbẹ̀ kò tíì bá a tán. Àjọ tó ń darí eré ìje lágbàáyé ní àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá lẹ́tà náà jẹ́ òótọ́. Wọn ò yọ rékọ́ọ̀dù kankan. Ma ní tirẹ̀ kò gbà rí pé òun fún wọn ní oògùn.

Ṣé Ṣáínà nìkan ni?

Rárá o. Rékọ́ọ̀dù 3,000 tí Wang gbà ní 1993, Tatyana Kazankina ọmọ Soviet ló ni ín. Ní ọdún 1984 tó sá eré náà gan-an ni wọ́n fòfin dè é nítorí pé ó kọ̀ láti ṣe àyẹ̀wò ní Paris. Rékọ́ọ̀dù mítà 800 obìnrin, 1:53.28, ti wà lọ́wọ́ Jarmila Kratochvílová ọmọ Czechoslovakia láti oṣù Keje ọdún 1983. Ọmọ ọdún 32 ni nígbà náà. Àyẹ̀wò ò gbá a mú rí, òun náà sì ní iṣẹ́ oko àti fítámì ló sọ òun di alágbára. Wọn ò yé fura sí i di òní.

Àwọn mìíràn wà tí ọwọ́ tẹ̀. Regina Jacobs ará Amẹ́ríkà sá mítà 1,500 nínú ilé ní 3:59.98 ní oṣù Kejì ọdún 2003, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa sá a wọ abẹ́ ìṣẹ́jú 4 níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n rí oògùn THG lára rẹ̀. Ní Òlíńpíìkì Beijing 2008, Rashid Ramzi tó sá fún Bahrain gba góòlù mítà 1,500 ọkùnrin. Wọ́n rí irú EPO kan lára rẹ̀, wọ́n gba góòlù, wọ́n gbé e fún Asbel Kiprop ọmọ Kẹ́ńyà. Nígbà tó di 2017, wọ́n rí EPO lára Kiprop náà, ó sì fi ọdún mẹ́rin jókòó sílé.

Èyí tó burú jù ni mítà 1,500 obìnrin ní London 2012. Ẹni kìíní àti ẹni kejì, ọmọ Tọ́kì méjèèjì, pàdánù àmì ẹ̀yẹ wọn. Tatyana Tomashova ọmọ Rọ́ṣíà tó ṣe ipò kẹrin bọ́ sí ipò kejì, ní ọdún 2024 wọ́n fagi lé tirẹ̀ náà.

Kí ló dé tí wọn ò pa àwọn rékọ́ọ̀dù àtijọ́ rẹ́?

Òfin ni. Ọdún mẹ́wàá ni gbèdéke tí WADA fi sí i láti fẹ̀sùn kan eléré. Ní ọdún 2017, àjọ eré ìje ilẹ̀ Yúróòpù dá a lábàá pé kí wọ́n kó gbogbo rékọ́ọ̀dù tó ṣáájú 2005 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí pé ọdún yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ pamọ́ fún àyẹ̀wò ọjọ́ iwájú. Àbá náà ò lọ ibi kankan. Paula Radcliffe, tó ni rékọ́ọ̀dù máratọ́ọ̀nù obìnrin nígbà náà, wà lára àwọn tó fárígá. Wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n á fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì jẹ àwọn níyà.

Ṣé gbogbo ẹni tó bá sáré jù ló lo nǹkan?

Ó tì. Faith Kipyegon ọmọ Kẹ́ńyà sá mítà 1,500 ní 3:48.68 ní oṣù Keje ọdún 2025, ó yára ju Qu Yunxia lọ. Kò sí àyẹ̀wò tó gbá a mú rí. Ṣùgbọ́n bàtà ti yàtọ̀ sí ti 1993. Iná tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà eré ti wà láti máa fi bí wọ́n á ṣe sáré tó hàn wọ́n. Bákan náà, láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń ṣí ìwé fún ẹ̀jẹ̀ eléré kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wò ó láti ọdún dé ọdún bóyá ó yí padà lọ́nà tí kò bá ti ẹ̀dá mu. Ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò báyìí ní ohun tó lè fi gbèjà ara rẹ̀. Àwọn ọmọ 1993 ò ní in.

Ọmọ wa náà ti tọ́ ìfura wò. Òun kì í sá eré ọ̀nà jíjìn, mítà 100 onídìínà ni tirẹ̀. Nígbà tí Tobi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde sá 12.12 ní oṣù Keje ọdún 2022, àwọn kan ní bóyá aago ló ṣàìsàn. Ní 2023 wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ìgbà mẹ́ta làwọn aláyẹ̀wò wá a tí wọn ò bá a. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ dá a láre, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá lágbàáyé sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ 1993 dùn mí. Bí lẹ́tà yẹn bá jẹ́ òótọ́, àwọn ọmọbìnrin yẹn kì í ṣe olè. Àwọn ni wọ́n jà lólè: ara wọn, ìgbà èwe wọn àti orúkọ wọn. Bí kò bá sì jẹ́ òótọ́, wọ́n á gbé ẹ̀sùn tí wọn ò jẹ̀bi rẹ̀ dé sàréè. Sonia O'Sullivan náà wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un bóyá àwọn mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ní Stuttgart gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni, tàbí wọ́n kàn sáré jù ú lọ.