Òkun Tí Ó Ń Hùwà Bí Ọ̀sà: Ìtàn Òkun Báltíkì àti Àdéhùn Helsinki

 Òwe ni mo fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ òní. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé ọ̀rọ̀ agboolé nìkan ni òwe yìí wà fún. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí yóò fi hàn pé ó kan òkun pẹ̀lú, àti pé àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń wo ara wọn bí ọ̀tá ti tìtorí irú hẹ̀rẹ̀huru bẹ́ẹ̀ jókòó sídìí tábìlì kan rí.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ méjì wò. Yorùbá kì í pe gbogbo omi ńlá ní orúkọ kan náà. Òkun ni omi iyọ̀ tí ojú kò ká òdì kejì rẹ̀. Ọ̀sà ni omi tí odò ń ṣàn sí láti inú ilẹ̀, tí òkun náà sì ń fi iyọ̀ ránṣẹ́ sí láti ìta. Ìdí nìyí tí Olókun fi yàtọ̀ sí Ọlọ́sà. Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀sà Èkó yóò mọ̀ pé nígbà òjò, tí Odò Ògùn bá kún, iyọ̀ inú ọ̀sà a dínkù gidigidi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ a tún padà. Ẹnu tí ọ̀sà náà fi bá òkun pàdé kéré púpọ̀ sí ikùn rẹ̀.

Ní àríwá Yúróòpù, omi kan wà tí gbogbo ayé ń pè ní òkun, ṣùgbọ́n tí ìwà rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀sà. Òkun Báltíkì ni. Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló yí i ká lónìí: Swídìn, Fínlándì, Rọ́ṣíà, Ẹstóníà, Látífíà, Lituéníà, Pólándì, Jámánì àti Dẹ́nmárkì. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 400,000 kìlómítà níbùú lóòró, ṣùgbọ́n jíjìn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 55 lọ tí a bá pín in dọ́gba. Nínú kìlógíráàmù omi òkun kan, iyọ̀ máa ń tó gíráàmù 35. Ní ojú omi àárín Báltíkì, kò ju nǹkan bí 7 lọ. Àwọn ọ̀nà omi tóóró tí ó wà ní agbègbè Dẹ́nmárkì àti Swídìn nìkan ni ó fi ń mí. Nítorí náà, ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí omi inú rẹ̀ tó pààrọ̀ tán. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn sínú Báltíkì fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin òkun náà, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 85. Ohun tí àgbẹ̀ kan bá dà sí oko rẹ̀ ní Pólándì lónìí lè di ẹrù ọmọ Swídìn lọ́la.

Báwo ni ẹrù náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Omi oníyọ̀ wúwo ju omi odò lọ. Ó ń lọ sí ìsàlẹ̀, omi odò sì ń bò ó mọ́lẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Atẹ́gùn ọ́síjìn tí ó wà lókè kò rọrùn láti dé ìsàlẹ̀. Bí ajílẹ̀ oko àti omi ẹ̀gbin ìlú bá ti wọ inú òkun, àwọn ewéko wẹ́wẹ́ inú omi a gbilẹ̀, wọn a kú, wọn a rì, wọn a sì jẹrà. Jíjẹrà yìí ni ó ń gba ìwọ̀nba ọ́síjìn tí ó kù. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ibi tí ọ́síjìn ti ṣọ̀wọ́n ní ìsàlẹ̀ òkun náà ti kúrò ní nǹkan bí 5,000 kìlómítà níbùú lóòró, ó sì ti kọjá 60,000. Ibú omi oníyọ̀ yìí gan-an ni ẹja cod nílò kí ẹyin rẹ̀ tó lè léfòó kí ó sì pa.

Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ta àwọn ènìyàn jí kò ti ọ̀dọ̀ ẹja nìkan wá. Ní ọdún 1966, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Swídìn, Sören Jensen, ròyìn pé bí òun ti ń wá oògùn apakòkòrò DDT nínú ẹran ara ẹja àti ẹyẹ, òun ń rí májèlé mìíràn tí òun kò wá. Májèlé náà ni PCB, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò nínú ẹ̀rọ iná mànàmáná. Jensen kò dúró níbẹ̀. Ó yẹ ìyẹ́ idì tí wọ́n ti ń kó pamọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1888 wò, ó sì rí i pé láti 1944 ni májèlé náà ti wà níbẹ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ ti di ìwé ìtàn. Ní àkókò náà, ẹyin idì etí Báltíkì kì í sábà pa mọ́, ọ̀pọ̀ abo seal sì ti di àgàn.

Ẹ rántí irú ayé tí ó jẹ́ nígbà náà. Dẹ́nmárkì àti Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì wà nínú ẹgbẹ́ ológun NATO. Pólándì, Ìlà-Oòrùn Jámánì àti Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì wà ní òdì kejì. Swídìn àti Fínlándì kò sí nínú èyíkéyìí. Ẹstóníà, Látífíà àti Lituéníà wà lábẹ́ Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1974, àwọn méjèèje tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Helsinki. Àdéhùn náà ni ó kọ́kọ́ kó gbogbo orísun ẹ̀gbin òkun odidi kan, ti orí ilẹ̀, ti ọkọ̀ ojú omi àti ti inú afẹ́fẹ́, sábẹ́ òfin kan ṣoṣo.

Àbùkù wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà kọjá kí ó tó fìdí múlẹ̀, ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1980. Kò sì kan omi abẹ́lé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan: gbogbo wọn gbà láti gbá ojúde, ṣùgbọ́n kálukú ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀. Ní ọdún 1988, àwọn mínísítà wọn ṣèlérí pé àwọn yóò dín ẹ̀gbin kù sí ìdajì kí ó tó di 1995. Ìlérí náà kò ṣẹ tán. Ìgbà tí ògiri Berlin wó, tí Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì sì túká, ni wọ́n tó kọ àdéhùn tuntun ní 1992, tí ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé yẹn, tí ó sì kan gbogbo ilẹ̀ tí odò rẹ̀ ń ṣàn wá. Èyí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2000. HELCOM, ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó o, kò ní ọlọ́pàá, kò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìmọ̀ràn ni ó ń gbé kalẹ̀, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí ó tó jáde.

Ṣé ó wúlò? Ó wúlò. Idì ti padà. Àwọn seal aláwọ̀ eérú, tí iye wọn ti wá sílẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ti lé ní 30,000. Ní ọdún 2005, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ń sọ omi ẹ̀gbin di mímọ́ ní St. Petersburg, ìlú tí ó ti ń da púpọ̀ nínú ẹ̀gbin rẹ̀ sínú òkun láìfọ̀. Ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007 pé kí ara òkun náà yá kí ó tó di 2021 kò bá ọjọ́. Wọ́n tún un ṣe ní Lübeck ní 2021, wọ́n sì sún gbèdéke rẹ̀ sí 2030. Ní 2019 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de pípa ẹja cod ìhà ìlà-oòrùn. Èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí àwọn bàbá dà sínú òkun ṣì wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀; bí ọ́síjìn bá ti tán níbẹ̀, ẹrẹ̀ náà a tún pọ̀ ọ́ síta. Gbèsè bàbá ni ọmọ ń san.

Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà kógun wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn yòókù dá ìpàdé HELCOM pẹ̀lú rẹ̀ dúró. Tábìlì tí ogun tútù kò fọ́, ogun gbígbóná là á. Omi kò gbọ́ nípa ìjà náà. Ó ń ṣàn láti etí kan dé èkejì bí ó ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀.

Àwa náà ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ Àdéhùn Abidjan ní oṣù Kẹta ọdún 1981, ó sì fìdí múlẹ̀ ní 1984. Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ẹ̀ àti Tógò wà nínú rẹ̀. Òkun tiwa gbòòrò, ó sì ń mí dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀sà wa kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe àwọn ará Báltíkì ni pé wọ́n gba orúkọ òkun gbọ́, wọ́n rò pé ohun tí a bá dà sínú rẹ̀ yóò lọ. Àwọn baba wa tí wọ́n ya ọ̀sà sọ́tọ̀ kúrò lára òkun ti fi ìyàtọ̀ náà sínú èdè fún wa. Ẹ jẹ́ kí á máa lò ó.