Ọ̀dá Owó

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà fà sẹ́yìn ní ọdún 2016, oríṣiríṣi orúkọ ni àwọn oníròyìn wa fún un lórí rédíò. Àwọn kan ní ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Àwọn kan ní ìfàsẹ́yìn ló dé bá a. Ṣùgbọ́n nínú ọjà, lẹ́nu ìyá tó ń ta aṣọ àti awakọ̀ tó ń retí èrò, ọ̀dá owó ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ tú wò, torí mo gbà pé ó mọ ohun kan tí àwọn orúkọ yòókù kò mọ̀. Ibi tí ohun náà sì ti hàn kedere jù ni àwọn erékùṣù kéékèèké tó jẹ́ pé àlejò ni wọ́n fi ń jẹun.

Inú dá ni ọ̀dá ti jáde. Òjò ń rọ̀, òjò dá. Ó dáwọ́ dúró nìyẹn. Ọ̀ tí a fi ṣíwájú ló sọ ọ́ di orúkọ, bí ó ti sọ gbẹ ilẹ̀ di ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ọ̀dá àti ọ̀gbẹlẹ̀ rọ́pò ara wọn, ṣùgbọ́n ojú wọn kò kọ síbì kan náà. Ilẹ̀ ni ọ̀gbẹlẹ̀ ń wò: ilẹ̀ ló gbẹ, òun ló sán, òun ló le bí òkúta lábẹ́ ọkọ́. Ojú ọ̀run ni ọ̀dá ń wò: ohun tó yẹ kó wá ni kò wá. Ilẹ̀ lè lọ́ràá, kí ebè ti wà ní kíkọ, kí irúgbìn ti wọlẹ̀. Bí òjò bá dá, àgbẹ̀ kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Àwọn dá mìíràn wà tí ohùn wọn bá èyí dọ́gba, bíi dá wà àti dá gbé. N kò ní so wọ́n pọ̀, torí ọ̀rọ̀ tí ohùn wọn jọra kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọmọ ìyá.

Ọ̀dá kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn a máa dé lọ́dọọdún, a mọ oṣù rẹ̀, a sì ń pèsè sílẹ̀ dè é. Àárín ìgbà òjò gan-an ni ọ̀dá ti ń mú ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dá owó yàtọ̀ sí ìṣẹ́ àti òṣì. Ẹni tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ kò ní. Ẹni tí ọ̀dá owó dá lè ní ilé, kó ní ilẹ̀, kó ní oko kòkó. Olóko kòkó tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọlé ìwé ní oṣù kẹsàn-án, tí èso kò sì tíì pọ́n tán lórí igi, a máa lọ yá owó lọ́wọ́ ẹni tí oko rẹ̀ kò tó ìdajì tirẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní òtòṣì. Owó ni kò wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Maldives, nínú òkun Íńdíà, ní ìsàlẹ̀ Íńdíà àti Sri Lanka. Erékùṣù ibẹ̀ súnmọ́ 1,200, ènìyàn kò sì gbé ju nǹkan bí 200 lọ nínú wọn. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2022, gbogbo ará ibẹ̀ àti àwọn àjèjì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 515,000; ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan ní Èkó pọ̀ jù wọ́n lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ wọn kò ga tó mítà mẹ́ta. Wọn kò ní oko ìrẹsì, wọn kò ní oko àlìkámà, wọn kò ní epo rọ̀bì. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ìrẹsì, ìyẹ̀fun, ṣúgà àti epo wá fún wọn, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n. Ẹja túnà ni wọ́n ní, àti àgbọn, àti etí òkun tí iyanrìn rẹ̀ funfun nini.

Kò yẹ kí orúkọ Maldives ṣàjèjì létí wa. Inú omi rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná ti wá. Àwọn obìnrin erékùṣù náà a máa ju imọ̀ àgbọn sínú omi tí kò jìn, owó ẹyọ a gùn ún, a lẹ̀ mọ́ ewé rẹ̀, wọn a wá fà á jáde, wọn a gbọ̀n ọ́n sílẹ̀. Wọn a rì í mọ́ iyanrìn títí ẹran inú rẹ̀ yóò fi jẹrà tán, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó kà á. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Mòrókò, ṣe adájọ́ níbẹ̀ ní nǹkan bí 1343 sí 1344. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ogún ọ̀kẹ́ owó ẹyọ, ìyẹn 400,000, ni wọ́n ń gbà fún dínárì wúrà kan ní Maldives, pé nígbà mìíràn ó máa ń tó 1,200,000. Nígbà tó dé ilẹ̀ Mali ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, 1,150 péré ló bá a.

Lẹ́yìn náà ni àwọn Potogí, àwọn ará Holland àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí kó o gba ojú òkun wá sí etíkun wa, wọ́n sì fi ra ènìyàn. A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ owó ẹyọ ká fo ibẹ̀ yẹn. Ọ̀kẹ́, àpò tó ń gba 20,000 owó ẹyọ, ṣì wà nínú ìṣirò wa títí dòní. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì ṣàwárí pé irú owó ẹyọ mìíràn, tó tóbi díẹ̀, wà ní etíkun Zanzibar, tó sì wọ́n pọ́ọ́kú. Wọ́n fi ọkọ̀ kó o wá ní ọ̀kẹ́ àìmọye, títí owó fi di ẹrù lórí alárù, tí iye rẹ̀ sì já. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀dá. Òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ni, dá kan náà ló sì wà ní ìdí rẹ̀: òjò tí kò dá. Tiwa ni pé owó rọ̀ títí ó fi ba ara rẹ̀ jẹ́. Ti Maldives, níbi tí owó ọ̀hún ti wá, ni pé owó ẹlòmíràn ni wọ́n wá ń dúró dè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń tà, Sri Lanka ló sì ń rà á jù. Nígbà tí owó òkèèrè wọ́n Sri Lanka, ó dẹ́kun ríra. Ọ̀dá owó tó dá oníbàárà dá ọlọ́jà náà nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹja kan dín nínú òkun. Ní 1972 ni wọ́n ṣí Kurumba, ilé ìgbafẹ́ àkọ́kọ́ fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, ní erékùṣù kan nítòsí Malé, olú ìlú wọn. Láti ìgbà náà ni dọ́là ti ń bá àlejò wọlé. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin, ni owó ń rọ̀, torí ìgbà náà ni oòrùn wà, tí òtútù sì ń mú ní Yúróòpù. Nígbà tí òjò gidi bá ń rọ̀, owó a fà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀rùn owó nìyẹn. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń ṣètò fún un.

Ìyàtọ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọ̀dá tí mo ń sọ bọ̀, ọdún márùn-ún péré ló fi í hàn wọ́n. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 2004, sùnámì gbá orí àwọn erékùṣù náà kọjá. Ilé wó, iyọ̀ wọ inú kànga, ọkọ̀ apẹja fọ́. Ọ̀ràn ilẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá gúnlẹ̀ síbẹ̀ yóò fi ojú rí ohun tó bàjẹ́. Ní 2009 ńkọ́? Kò sí ohun kan tó bàjẹ́. Iyanrìn wà, òkun mọ́, ibùsùn wà ní títẹ́, alásè wà nídìí iná. Amẹ́ríkà ni àwọn ènìyàn ti kùnà láti san owó ilé tí wọ́n yá, Lọ́ńdọ̀nù àti Róòmù ni òṣìṣẹ́ ti pàdánù iṣẹ́, Malé ni owó sì ti wọ́n. Àlejò tó lé ní 680,000 ní 2008 di nǹkan bí 655,000 ní 2009. Àwọn tó wá pàápàá ń ṣọ́ owó ná. Ẹni tó bá pe èyí ní ìfàsẹ́yìn ń sọ bí ẹni pé àwọn ará Maldives ni wọ́n ń rìn sẹ́yìn. Wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà. Òjò ló dá.

Síbẹ̀, ọ̀dá kì í sọ àgbẹ̀ di aláìlẹ́bi. Ìjọba ibẹ̀ ti ń fi kún owó oṣù àti iye òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún tó ṣáájú, bí ẹni pé òjò kò ní dá láé. Mohamed Nasheed, tó gorí àlééfà ní oṣù kọkànlá 2008 lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí Maumoon Abdul Gayoom fi ṣe ìjọba, ló bá gbèsè tí ìyẹn dá sílẹ̀. Ó gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì lọ bá IMF, àjọ tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, tí wọ́n fọwọ́ sí nǹkan bí 92 mílíọ̀nù dọ́là ní oṣù kejìlá 2009. Dọ́là wọ́n ní báńkì. Ẹni tó fẹ́ gbé aláìsàn lọ sí Íńdíà, tàbí tó ní ọmọ nílé ìwé ní Sri Lanka, ní láti máa wá ẹni tí yóò bá a ṣẹ́ dọ́là lábẹ́lẹ̀, ní iye tó ju ti ìjọba lọ. Ní oṣù kẹrin 2011, ìjọba jọ̀wọ́ rùfíyà, owó wọn: dọ́là kan tó ti jẹ́ 12.80 fún ọ̀pọ̀ ọdún di 15.42. Ọjà gbówó lórí, àwọn ènìyàn sì tú sí ojú pópó Malé láti fi ẹ̀hónú hàn.

Ọ̀dá 2020 le ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ọjọ́ 27 oṣù kẹta ni wọ́n ti ẹnubodè nítorí kòrónà. Àlejò tó jẹ́ mílíọ̀nù kan àti 700,000 ní 2019 wálẹ̀ sí nǹkan bí 555,000. Gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń pa lọ́dún já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn apẹja ṣì ń jáde, wọ́n ṣì ń fi ọ̀pá àti ìwọ̀ fa túnà lọ́kọ̀ọ̀kan wọ inú ọkọ̀ bíi ti àwọn baba wọn, ṣùgbọ́n ẹja tútù tí wọ́n ń tà sí Yúróòpù, ọkọ̀ òfurufú tó ń gbé àlejò náà ló ń kó o. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn kò wá mọ́, ẹja náà kò lọ mọ́. Ìjọba yá owó, gbèsè sì ju ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń pa lọ́dún kan lọ. Ní 2021, àlejò padà dé, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti 300,000. Gbèsè kò bá ọ̀dá lọ.

Ṣùgbọ́n òjò kì í rọ̀ dé oko gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kan náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, erékùṣù tí kò sí ará ìlú nìkan ni wọ́n ń fún ilé ìgbafẹ́, tí àlejò kò fi bẹ́ẹ̀ ń bá onílé pàdé. Lásìkò ìjọba Nasheed ni wọ́n gba ará ìlú láyè láti ṣí ilé àlejò láàrin ìlú, erékùṣù Maafushi sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè ní ọjọ́ 15 oṣù keje 2020, àwọn ilé ìgbafẹ́ ńlá tó wà lórí erékùṣù tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ yọ̀ǹda fún. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni ó tó kan ilé àlejò inú ìlú. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ òfurufú fi ń já àlejò sílẹ̀, tí owó ti ń wọlé fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, tí ọ̀dá owó sì ń dá ẹni tó yá owó báńkì kọ́ yàrá mélòó kan sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Maafushi.