Ìtàn Ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ Nínú Ìwé Ìròyìn: Láti Èkó dé Lomé, Àjàṣẹ́ Wà Láàárín

Kí rédíò tó dé, kí tẹlifíṣọ̀n tó wọ ilé, ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn ará etíkun yìí láti máa retí apá tó kù nínú ìtàn. Akọ̀wé á dá ọ̀rọ̀ dúró níbi tó ti dùn jù, òǹkàwé á sì máa ka ọjọ́ títí ìwé tuntun yóò fi jáde. Ilẹ̀ Faransé wà lára ibi tí àṣà náà ti gbilẹ̀. Láti 1842 sí 1843 ni Eugène Sue ń kọ Les Mystères de Paris sínú ìwé ìròyìn Journal des Débats, tí olówó àti tálákà jọ ń tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ìtàn méjì kan wà tó sún mọ́ Àjàṣẹ́ ju ti Paris lọ: ọ̀kan láti ọwọ́ ará Èkó tó fi Yorùbá kọ, ìkejì láti ọwọ́ ọmọ Ouidah tó fi Faransé kọ. Ọdún kan náà, 1929, ni orúkọ àwọn méjèèjì yọ nídìí ìtàn kíkọ.

Abẹ́òkúta ló ṣíwájú nínú ìwé ìròyìn Yorùbá. Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run, gbé Ìwé Ìròyìn jáde níbẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró ní 1867. Lẹ́yìn 1920 ni ti Èkó wá rú jáde bí ewé àkọ́rọ̀ òjò. Adéoyè Dẹ́nígà bẹ̀rẹ̀ Èkó Àkéte ní 1922, E. A. Akíntàn bẹ̀rẹ̀ Elétí Ọfẹ ní 1923, Isaac B. Thomas sì dé pẹ̀lú Akéde Èkó kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí. Owó wọn kò tó nǹkan, oníbàárà kan náà ni gbogbo wọn sì ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ìtàn tó ń fa ni mọ́ra ló ní ọjà.

Ní oṣù Keje 1929, lẹ́tà kan jáde nínú Akéde Èkó. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló ni ín. Ó ní arẹwà ni òun nígbà èwe òun, pé àwọn ọkùnrin Èkó kò gbádùn lórí ọ̀rọ̀ òun. Nísinsìnyí àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, ìṣẹ́ ti wọlé tọ òun, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́ ìgbésí ayé òun kí ikú tó dé, kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lè fi kọ́gbọ́n. Lẹ́tà kan kò gba ọ̀rọ̀ náà. Ó ń bá a lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di oṣù Kẹta 1930, ó sì di ọgbọ̀n lẹ́tà. Orúkọ àdúgbò Èkó kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni orin tí ìgboro ń kọ nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ Bíbélì, òwe àti ẹkún. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́. Wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú, wọ́n ń káàánú obìnrin náà. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan níbì kan: Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ní 1930 ó kó lẹ́tà náà jọ sínú ìwé kan, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ń kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà.

Ohun tí ìtàn yẹn ṣe fún Èkó ju fàájì lọ. Ìlú náà nígbà yẹn, àtọ̀húnrìnwá ló pọ̀ níbẹ̀: Sàró, Àgùdà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, onígbàgbọ́, mùsùlùmí. Nígbà tí gbogbo wọn ń ka lẹ́tà kan náà lọ́sẹ̀ kan náà, tí wọ́n ń jà lé e lórí, tí wọ́n mọ òpópónà tí Sẹ̀gilọlá ń sọ, wọ́n di ará ìlú kan lójú ara wọn. Kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó wọlé síbẹ̀.

Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí Èkó. Ọ̀sà ló so ìlú méjèèjì pọ̀, ọ̀pọ̀ ẹbí ló sì ní ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Àmọ́ ní oṣù Kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi àdéhùn pín ilẹ̀ náà, Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Láti ìgbà náà, Faransé ni èdè ilé ìwé, òun náà sì ni èdè àwọn ìwé ìròyìn tó lókìkí ní Dahomey: Le Guide du Dahomey ní 1920, La Voix du Dahomey ní 1927. Akin ni àwọn tó ń kọ wọ́n. Ìjọba amúnisìn gbé àwọn ti La Voix lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà kò sì parí títí di 1936. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń bèèrè, owó orí ni wọ́n ń bá jà, aláṣẹ tó gbọ́ Faransé ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá arúgbó tó ń ta àkàrà ní Àjàṣẹ́ kò lè dá sí i. Kódà nígbà tí ọmọ Àjàṣẹ́, Paul Hazoumé, kọ ìwé ìtàn ńlá rẹ̀, Doguicimi, ní 1938, Faransé ló fi kọ ọ́, ààfin Abomey ló sì kọ nípa rẹ̀.

Félix Couchoro ni ọmọ Ouidah tí a mẹ́nu bà. Ọdún 1900 ni wọ́n bí i. Ní 1929 ìwé rẹ̀ L'Esclave jáde ní Paris, ìtàn ẹrú kan nínú ilé olówó ní agbègbè odò Mono. Ó ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ó kó lọ sí Aného ní Togo, ó dá sí òṣèlú níbẹ̀ títí ó fi ní láti sá lọ sí Gold Coast ní 1952. Togo gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 1960. Láti 1962 ni ìtàn Couchoro wá ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú Togo-Presse, ìwé ìròyìn ìjọba ní Lomé, títí ó fi kú ní 1968. Iye ìtàn náà lé ní mẹ́wàá. Ogún, orogún, owó, ìfẹ́, ìṣòwò fàyàwọ́ ní ẹnubodè: ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé mọ̀ ni. Faransé rẹ̀ máa ń wúwo bí aṣọ òkè lọ́sàn-án gangan, àwọn olùkọ́ sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n òǹkàwé kò kọ̀ ọ́. Ó yẹ fún ìrònú pé orílẹ̀-èdè tuntun kan ń ka ara rẹ̀ nínú ìtàn tí ọmọ Dahomey kọ. Lómìnira tán, Dahomey àti Togo di ilẹ̀ méjì pátápátá. Nínú ìtàn Couchoro, àwọn ènìyàn ṣì ń sọdá bí ẹni ń ti yàrá bọ́ sí gbọ̀ngàn.

Ọmọ Yorùbá ní Àjàṣẹ́ wá di ẹni tó ní ilé méjì nínú ọ̀rọ̀ ìtàn. Faransé ni ó fi ń ka ìròyìn ìlú rẹ̀, àmọ́ ìtàn tó fi Yorùbá kọ́ ọ́ lẹ́kọ̀ọ́ tàbí tó pa á lẹ́rìn-ín, ìhà ìlà-oòrùn ló ti ń wá. Nígbà tí Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ìwé eré oníṣẹ́ àwòrán tó ń gbé eré àwọn òṣèré Yorùbá jáde ní apá-apá, àṣà Akéde Èkó ló tún jí dìde, pẹ̀lú fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀. Fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n ló gba ipò rẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 1975 ni Dahomey di Benin, nítorí pé orúkọ ìjọba Abomey nìkan kò lè gba gbogbo àwọn ẹ̀yà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ìjọba fi òfin gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún àwọn èdè ilẹ̀ náà. Nínú rẹ̀, Yorùbá ń lo ɛ àti ɔ níbi tí Nàìjíríà ti ń fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ, kp níbi tí tọ̀hún ti ń lo p, sh níbi tí tọ̀hún ti ń kọ ṣ. Ìdí rẹ̀ dára: kí ọmọ tó gbọ́ Fɔ̀n, Gun àti Yorùbá lè fi lẹ́tà kan náà kọ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì yẹn kọ́ ní kíláàsì àgbà ní Àjàṣẹ́, tí ó bá mú ìtàn Sẹ̀gilọlá lọ́wọ́, orúkọ obìnrin náà gan-an ni yóò kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ.