Ọjọ́ Tí Kirkuk Bọ́ Lọ́wọ́ Àwọn Kurd

Aago méjìlá òru, Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹwàá, ọdún 2017. Ní agbègbè Taza Khurmatu, ní gúúsù ìlú Kirkuk, àwọn ọmọ ogun Ìráàkì ti gbára dì. Ikọ̀ agbógunti-apániláyà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ikọ̀ ajagun Hashd al-Shaabi, tí Ìráànì ń ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn. Àwọn Peshmerga, ọmọ ogun Kurd, ló dojú kọ wọ́n. Fún ọdún mẹ́ta ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi jọ bá ikọ̀ apániláyà ISIS jà, Amẹ́ríkà kan náà ló sì ń kó ohun ìjà fún tọ̀tún-tòsì.

Ohun tó bí òru náà kò ṣòro sọ. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, àwọn Kurd ilẹ̀ Ìráàkì dìbò bóyá kí wọ́n dá dúró. Ìdá 92.73 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dìbò náà ní Kirkuk, ìlú tí kò sí lábẹ́ ìjọba Kurd tó wà ní Erbil nínú ìwé òfin, àmọ́ tí Peshmerga ti ń ṣọ́ láti oṣù Kẹfà 2014, nígbà tí ọmọ ogun Ìráàkì sá fún ISIS. Baghdad ta kò ó, Tọ́kì ta kò ó, Ìráànì náà ta kò ó. Amẹ́ríkà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún un síwájú.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Abala 140 nínú òfin Ìráàkì ti 2005 ti ní kí wọ́n ka àwọn ará Kirkuk, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n dìbò lórí ibi tí wọ́n fẹ́ wà, kí ọdún 2007 tó parí. Wọn ò ṣe é. Ọdún mẹ́wàá ni àwọn alágbára ayé fi ní àǹfààní láti di Baghdad àti Erbil mú sórí ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí yìí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ó ti yẹ kí wọ́n dá sí i, nígbà tí ẹnu ṣì lè parí rẹ̀.

Òru jìn. Olórí ìjọba Ìráàkì nígbà náà, Haider al-Abadi, pàṣẹ kí wọ́n wọ Kirkuk. Ìbọn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní gúúsù ìlú. Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ní àwọn gbà pé èdè-àìyedè ló fa ìbọn tí wọ́n yìn síra wọn, pé òkùnkùn ni kò jẹ́ kí wọ́n ríra wọn dáadáa. Mi ò lè gba ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ayé mọ̀ pé ogun ti wà lẹ́nu ọ̀nà fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn ibùdó Kurd ń ṣubú léraléra, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Peshmerga tó ń gbọ́ ti PUK, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Kurd, ti kó kúrò lójú ogun. Àwọn kan dúró, wọ́n jà, wọ́n sì kú. Ọ̀gágun àgbà Ìráànì, Qassem Soleimani, ti wà ní agbègbè náà ṣáájú, ó ń bá àwọn olórí PUK sọ̀rọ̀. Ọ̀gá àwọn Peshmerga gbé ìwé jáde pé àwọn kan nínú PUK dalẹ̀. Àwọn yẹn fèsì pé ogun tí ẹnikẹ́ni ò lè borí ni, ẹ̀jẹ̀ ni àwọn kò fẹ́ kó ṣàn. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ẹgbẹ́ òṣèlú KDP ti Masoud Barzani àti PUK ti Jalal Talabani, tó kú ní ọjọ́ kẹta oṣù náà, ti bára wọn jagun rí láàárín 1994 sí 1998, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ṣì ní Peshmerga tirẹ̀ ní 2017.

Kí oòrùn tó yẹ̀rì, ibùdó ológun K1 ti bọ́, pápákọ̀ òfurufú ti bọ́. Bàbá Gurgur náà bọ́, níbi tí epo rọ̀bì ti tú jáde ní oṣù Kẹwàá 1927.

Ọ̀sán. Ọkọ̀ kún ojú ọ̀nà Erbil àti Sulaymaniyah: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé Kurd ń sá lọ. Àwọn àgbà inú wọn ti sá báyìí rí ní 1991, nígbà tí Saddam Hussein lé wọn gun orí òkè. Lọ́dún náà, Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àti Faransé fi bàálù ṣọ́ ojú òfurufú wọn, ibẹ̀ sì ni ìjọba Erbil ti fìdí múlẹ̀. Mi ò lè sọ pé kí àjèjì má dá sí i rárá, torí ìdásí yẹn gba ẹ̀mí là. Àmọ́ ní 1975, Amẹ́ríkà àti Ìráànì tó ń fún Mustafa Barzani, olórí àwọn Kurd nígbà náà, ní ìbọn pa á tì lọ́jọ́ tí Ìráànì àti Ìráàkì fọwọ́ sí àdéhùn ní Algiers. Irú ìdásí kejì yìí burú ju kí wọ́n má wá lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ ogun Ìráàkì ti wọ ọ́fíìsì gómìnà, wọ́n ti já àsíá Kurd sílẹ̀. Àwọn Turkmen àti Lárúbáwá ń yọ̀ ní ìgboro, a ò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré ayọ̀ wọn: ìlú tiwọn náà ni, kò sì sẹ́ni tó jókòó bá wọn sọ òmìnira Kurd dójú àmì kí ìdìbò tó dé.

Alẹ́ ti lẹ́ ní Kirkuk nígbà tí Donald Trump, Ààrẹ Amẹ́ríkà, sọ fún àwọn oníròyìn ní Washington pé òun ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó ta ọfà sókè, ó yí odó borí. Mi ò ní kí wọ́n ju bọ́ǹbù sí Baghdad nítorí Erbil. Ẹni tó bá di ìhámọ́ra fún ẹ̀gbẹ́ méjì ló jẹ wọ́n ní gbèsè àpèjọ kí ìbọn tó dún, kò sì sí ẹni tó pè é. Lọ́jọ́ kan náà, Tọ́kì ti ojú òfurufú rẹ̀ mọ́ bàálù tó ń lọ sí ilẹ̀ Kurd.

Lọ́jọ́ kejì, Peshmerga kúrò ní Sinjar. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà, Erbil ní àwọn ṣe tán láti gbé èsì ìdìbò tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìjíròrò lè bẹ̀rẹ̀. Abadi dáhùn pé gbígbé e tì kò tó, kí wọ́n wọ́gi lé e.